Ẹ̀rọ Kò Kọ Èdè Wa, Àwa Ni A Kò Béèrè

Bí ọ̀rọ̀ kan bá pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, a máa dàbí òtítọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa, àwọn atẹ̀wé wa, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn olùkọ́ wa fi ń dáni lóhùn nígbàkígbà tí a bá bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde fi wà ní ìhòòhò, láìní àmì lókè, láìní àmì nísàlẹ̀. Wọn a ní, "Kọ̀ǹpútà kò gba Yorùbá." Wọn a sọ ọ́ tán, wọn a mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀ bí ẹni pé àyànmọ́ ni. Èmi kò gbà pé àyànmọ́ ni. Mo ní irọ́ ni. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n láti ọdún 1993 ni òtítọ́ náà ti ń tán lọ, ohun tí ó sì kù nínú rẹ̀ báyìí kò ju àwáwí lọ. Ẹ̀rọ kò kọ èdè wa. Àwa tí a ń fi owó wa ra ẹ̀rọ ni a kò béèrè fún ohun tí ó tọ́ sí wa.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kí á wo ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe Ìkẹjà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní Orẹ́gùn, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà lẹ́bàá òpópónà tí a fi sọrí Kudirat Abíọ́lá, ni ilé-iṣẹ́ Omatek, èyí tí olóògbé Florence Seriki dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ti ń to kọ̀ǹpútà pọ̀ tí ó sì ń fi orúkọ ara rẹ̀ tà á. Láti Orẹ́gùn, kò jìnnà rárá dé Aláùsá, níbi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe òfin ìdáàbòbò àti ìgbélárugẹ èdè Yorùbá, tí gómìnà ìgbà náà, Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, buwọ́ lù ní oṣù Èrèlè ọdún 2018, èyí tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Ní apá kejì Ìkẹjà, ní òpópónà Òtìgbà, ni ọjà kọ̀ǹpútà wà, ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ẹ ronú sí i. Ẹni tí ó ń to ẹ̀rọ, ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ, àti ẹni tí ó ń ṣòfin èdè, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà. Bí ọ̀kan bá súfèé, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́. Síbẹ̀, ẹ wọ ọjà Òtìgbà, kí ẹ béèrè kíbọ́ọ̀dù tí lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ wà lójú rẹ̀, kí ẹ sì wo bí ọlọ́jà yóò ṣe wò yín. Ẹ béèrè èyí tí àmì náírà wà lójú rẹ̀, kò ní yà á lẹ́nu. Nígbà tí kọ̀ǹpútà Zinox jáde ní ọdún 2001, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi yangàn ni pé àmì náírà wà lójú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó hàn níbẹ̀ ni pé a mọ bí a ṣe ń béèrè. A béèrè fún àmì owó, a rí i gbà. A kò béèrè fún àmì ohùn.

Kì í ṣe báyìí ni àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe. Nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843, ìdáhùn kan tí ó rọrùn wà níwájú rẹ̀: kí ó fi lẹ́tà òyìnbó kọ èdè wa bí ó bá ṣe lè rí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ C.M.S. kò gba ìrọ̀rùn yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà lórí bí a ó ṣe ya e sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ, tí a ó ya o sọ́tọ̀ kúrò lára ọ, tí a ó sì ya s sọ́tọ̀ kúrò lára ṣ. Nígbà tí Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, òjé ni a fi ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé. Ẹni tí ó bá fẹ́ lẹ́tà tí kò sí, àfi kí ó ní kí wọ́n rọ ọ́ fún un. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, wọ́n pe ìpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí àkọtọ́. Ní ọdún 1966, a tún gbé ìgbìmọ̀ àkọtọ́ dìde. Ó jábọ̀ ní ọdún 1969. Ní ọdún 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní. Ní àwọn ọdún 1980, Ibùdó Èdè ti ìjọba àpapọ̀ tún tò lẹ́tà 33 jọ tí yóò tó láti kọ gbogbo èdè Nàìjíríà. Ẹ wo iye àgbà tí ó jókòó, iye ọdún tí ó lọ sí i, nítorí kókó kékeré abẹ́ lẹ́tà mẹ́ta àti àmì ohùn orí fáwẹ̀lì. Wọn kì í ṣe aláìníṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé nínú èdè tí ohùn ti ń yí ìtumọ̀ padà, àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ara ọ̀rọ̀ ni.

Kí wá ni ẹ̀rọ ṣe fún wa? Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà kankan. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni a fún ní nọ́ńbà tirẹ̀, àwọn ènìyàn sì ní láti fẹnu kò lórí nọ́ńbà tí ó jẹ́ ti lẹ́tà wo. Ìlànà ASCII tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963 ní àyè 128 péré; lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti àmì ìdánudúró ni ó wà níbẹ̀. Ìlànà ISO 8859-1 tí ó jáde ní ọdún 1987 fẹ àyè náà fún àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Nítorí pé àwọn Faransé, àwọn Potogí àti àwọn ará Sípéènì ń lo àmì lórí fáwẹ̀lì, à àti á, è àti é, ò àti ó bọ́ sí wa lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ìgbà yìí ni "kọ̀ǹpútà kò gba Yorùbá" jẹ́ òtítọ́.

Àwọn atẹ̀wé wa sì wá ọgbọ́n dá. Wọn a mú àmì kan tí ẹnikẹ́ni kì í lò nínú fọ́ǹtì, wọn a pa á rẹ́, wọn a ya ẹ sí ipò rẹ̀. Lórí bébà, ó dára. Ṣùgbọ́n nínú ikùn ẹ̀rọ, àmì àtijọ́ náà ni ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀wù ni a pààrọ̀, a kò pààrọ̀ ènìyàn inú ẹ̀wù. Bí a bá gbé fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, gbogbo rẹ̀ a di wúruwùru. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Yorùbá tí a tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní àwọn ọdún 1990 ni ó wà nírú ipò yìí: ìwé wà lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè kà á mọ́.

Ìlànà tí ó gbà wá lọ́wọ́ èyí ni Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991. Ohun tí ó pinnu láti ṣe ni pé kí gbogbo lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú ẹ̀dà 1.1, tí ó jáde ní ọdún 1993, ẹ, ọ àti ṣ wà níbẹ̀, lẹ́tà ńlá àti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ má yára hó ìhó ayọ̀, nítorí a kò wọlé lórúkọ ara wa. Àwọn ará Vietnam ni ó mú ẹ àti ọ wọlé, nítorí àwọn náà ń fi àmì sí abẹ́ fáwẹ̀lì. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ń fi lẹ́tà Látìn kọ èdè Sanskrit àti èdè Lárúbáwá ni wọ́n ń lo ṣ. Àwọn ará Vietnam tí mo dárúkọ yìí, lẹ́tà tí ó jẹ́ tiwọn nìkan tó 134, nítorí àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ máa ń pàdé lára fáwẹ̀lì wọn gẹ́gẹ́ bí tiwa. Wọ́n kóra jọ, nílé àti lẹ́yìn odi, wọ́n kọ ìlànà tiwọn, wọ́n sì gbé e síwájú àwọn tí ó ń ṣètò. Gbogbo 134 ni a fún ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Mélòó ni tiwa tí ó kù? Ẹ kà á: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, àti lẹ́tà ńlá wọn. Mẹ́jọ péré ni, bí a bá yọ m̀ àti lẹ́tà ńlá rẹ̀ sílẹ̀. A kò lọ béèrè fún mẹ́jọ nígbà tí ẹlòmíràn gba 134. Láti ọdún 2001 ni Unicode ti fi ìdí ètò rẹ̀ múlẹ̀ lọ́nà tí kò fi sí àyè fún irú lẹ́tà aláròpọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ́ tiwa jẹ́ nọ́ńbà méjì tí a so pọ̀: ẹ, lẹ́yìn náà àmì ohùn òkè. Kò burú, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ìdàrúdàpọ̀: ẹnìkan lè kọ e, kí ó fi àmì abẹ́ sí i, kí ó tó fi àmì ohùn sí i; ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti é, kí ó wá fi àmì abẹ́ kún un; ẹlòmíràn sì lè fi ìlà kékeré olóòró sí abẹ́ dípò kókó. Ojú ènìyàn kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́ ẹ̀rọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹni tí ó wá ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà kan kò ní rí èyí tí a kọ ní ọ̀nà kejì. Ìwé wà nílé, ẹ̀rọ ní kò sí.

Ní báyìí, àwọn kan yóò sọ pé, bí ọ̀rọ̀ bá ti le tó báyìí, ẹ jẹ́ kí á tún àkọtọ́ ṣe kí ó lè bá ẹ̀rọ mu. Kí á kọ sh dípò ṣ. Kí á yọ àmì ohùn dànù. Mo bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó bá mi lọ sí Uzbekistan, orílẹ̀-èdè kan ní àárín gbùngbùn Éṣíà. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ará ibẹ̀ ti fi lẹ́tà Lárúbáwá, lẹ́tà Látìn àti lẹ́tà Rọ́ṣíà kọ èdè kan náà. Nígbà tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìjọba Sófíẹ̀tì, wọ́n ṣòfin ní ọdún 1993 láti padà sí lẹ́tà Látìn, wọ́n sì yan àwọn lẹ́tà alámì tí ó bá ohùn wọn mu, irú bí ş, ç, ö àti ğ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1995, kí àwọn lẹ́tà náà tó gbilẹ̀, wọ́n yí i padà. Wọ́n fẹ́ àkọtọ́ tí kíbọ́ọ̀dù lásán lè tẹ̀: sh dípò ş, ch dípò ç, àti o tàbí g tí àmì kékeré kan tẹ̀ lé, oʻ àti gʻ.

Ǹjẹ́ ẹ̀rọ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn? Rárá o. Nínú Unicode, àmì kékeré ẹ̀gbẹ́ o àti g náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lójú kíbọ́ọ̀dù lásán. Nítorí náà, àwọn ènìyàn ń tẹ ohun tí ó bá sún mọ́ ọn: ẹnìkan a tẹ àmì ìfàyọ ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn a tẹ àmì ìpajẹ, ẹ̀rọ a sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí láàárín ọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ àkọtọ́ wọn ba fún ẹ̀rọ, síbẹ̀ ẹ̀rọ kò gbà á bí ó ti yẹ. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí ẹ̀rọ fi ní àyè fún ş àti ç fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ wọn tún ń jíròrò bí wọn yóò ṣe padà sí lẹ́tà alámì. Ẹ̀rọ máa ń yí padà láàárín ọdún márùn-ún. Àkọtọ́ tí a bá bà jẹ́ nítorí ẹ̀rọ, ìran kan tàbí méjì ni yóò fi tún un ṣe. Ẹni tí ó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè bá bàtà mu, kí ni yóò ṣe nígbà tí bàtà tí ó tóbi bá dé ọjà?

Ẹ má sì rẹ́rìn-ín àwọn ará Uzbekistan. Ohun tí wọ́n fi òfin ṣe, àwa ń ṣe é láìsí òfin. Ẹ wo iye Ṣọlá tí ó ti di Shola, iye Ṣẹ́gun tí ó ti di Segun. Ìbátan wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń fi ɛ, ɔ àti sh kọ èdè kan náà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọba wọn. Èmi kò bá wọn jà. Àkọtọ́ tiwọn náà gún régé. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ ìlànà èdè tí àjọ Unicode ń tọ́jú fún àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ, Yorùbá méjì ni ó wà, ti Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀: oṣù Ṣẹ́rẹ́ wà nínú ọ̀kan, oshù Shɛ́rɛ́ wà nínú èkejì. Ọmọ Kétu tí ó ń wá ìwé ní àkọtọ́ tirẹ̀ kò ní rí ìwé ọmọ Ìsẹ́yìn. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà sórí ilẹ̀ ti wọ inú ẹ̀rọ, a kò sì gbọ́ pé àwọn àgbà èdè ní apá méjèèjì jókòó láti fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Kí ni ariwo yìí? Bí a bá ka gbólóhùn dé òpin, ìtumọ̀ yóò yé wa." Lóòótọ́, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè fojú inú wo ohùn tí a kò kọ. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í gbé inú gbólóhùn, bẹ́ẹ̀ ni pátákó ẹ̀bá ọ̀nà kì í gbé inú gbólóhùn. EDE ni wọ́n kọ síbẹ̀: ṣé ìlú Ẹdẹ ni, àbí èdè? OWO ni wọ́n kọ: ṣé ìlú Ọ̀wọ̀ ni, àbí owó, àbí òwò, àbí ọwọ́? Àgbàlagbà tí ó mọ ọ̀nà kò nílò pátákó. Àlejò àti ọmọdé ni a kọ ọ́ fún, àwọn gan-an ni kò sì lè kà á.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní tiwọn a máa sá sábẹ́ òfin àgbáyé. Wọn a ní ìwé ìrìnnà kò gba àmì. Ẹ jẹ́ kí á tú èyí wò. Ìlànà tí àjọ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, ICAO, gbé kalẹ̀ pín ojú-ewé ìwé ìrìnnà sí méjì. Ní ìlà méjì ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà, A dé Z nìkan ni a gbà. Ṣùgbọ́n ní apá òkè tí ojú ènìyàn ń kà, ìlànà náà gba lẹ́tà alámì ti orílẹ̀-èdè. Ìdí nìyí tí ará Pólándì àti ará Jámánì fi ń rí orúkọ wọn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ nínú ìwé ìrìnnà wọn. Kò sí òfin àgbáyé tí ó ní kí a yọ àmì orúkọ Adéṣọlá nínú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Àwa ni a yọ ọ́.

Bí a bá ń wá ibi tí àìbéèrè wa ti ń ná wa lówó gidi, ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká GSM ti dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, ojú-ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà tí ìlànà GSM yàn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni. È, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀ nítorí àwọn ará Yúróòpù. Á, ó, ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Bí ẹyọ ẹ kan ṣoṣo bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ yín, gbogbo rẹ̀ a yí sí ìlànà mìíràn, ojú-ewé kan a sì di lẹ́tà 70. Ìyá tí ó kọ lẹ́tà 100 sí ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá tí ó pé yóò san owó ojú-ewé méjì. Bí ó bá kọ ọ́ ní ìkọkúkọ, yóò san ti ẹyọ kan. Owó-orí ni èyí lórí kíkọ èdè ẹni bí ó ti tọ́. Àwọn ará Tọ́kì bá ara wọn nínú irú wàhálà kan náà. Wọn kò ní "GSM kò gba èdè wa" kí wọ́n sì lọ sùn. Wọ́n béèrè, nígbà tí ó sì di ọdún 2008, a fi àtẹ lẹ́tà tiwọn kún ìlànà náà. Lẹ́yìn wọn, Híńdì, Bẹ̀ngálì, Tàmílì àti àwọn èdè Íńdíà mìíràn gba tiwọn. Àyè ṣí sílẹ̀ nígbà náà. Yorùbá kò sí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa ni a sùn. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe gbọ́ Yorùbá tí yóò sì kọ ọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbogbo ọjọ́ kọ Yorùbá sórí Twitter kí ilé-iṣẹ́ náà lè mọ̀ pé èdè náà ní ènìyàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun pàápàá ti ṣe ju bí a ti béèrè lọ. Windows ti ní Yorùbá nínú àkójọ èdè rẹ̀ láti ọdún 2007. Nígbà tí Windows 7 fi dé ní ọdún 2009, ìlànà kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀. Linux ní tirẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2013, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ó ń túmọ̀. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì akọ̀wé ní Aláùsá mọ ẹ́ kọ; akọ̀wé ni kò tíì tan ìlànà náà. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà ní àpò ṣòkòtò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ ohun tí a ń pàdánù. Nínú ábídí wa, lẹ́tà kan ni gb, ẹ̀yìn g ni ó wà. Bí olùkọ́ bá fẹ́ to orúkọ ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí ábídí Yorùbá ti wí, Gíwá ni yóò ṣáájú Gbádébọ̀. Ẹ̀rọ tí a kò sọ fún pé Yorùbá ni à ń kọ yóò fi Gbádébọ̀ ṣáájú, nítorí b ni ó rí, kò rí gb. Ọmọ náà a jókòó ní kíláàsì Yorùbá tí òfin ọdún 2018 sọ di dandan, a kọ́ ábídí kan lẹ́nu olùkọ́, a sì rí òmíràn lójú ẹ̀rọ. Nígbà tí ó bá tẹ orúkọ ara rẹ̀, ẹ̀rọ a fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀ pé àṣìkọ ni. Èwo ni ẹ rò pé yóò gbàgbọ́? Ọmọdé kì í bá ẹ̀rọ jiyàn. Yóò gbà pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni àṣìṣe.

Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní kí á má yọ ara wa lẹ́nu mọ́, pé ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó sì ń fọhùn ti dé, pé ìkọ̀wé yóò di ohun àtijọ́. Òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí ni òtítọ́. Ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń kọ́ èdè. Bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a kọ bá wà láìní àmì, Yorùbá aláìlóhùn ni yóò kọ́, yóò sì máa fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Ní ọdún 2018, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Iroro Orife gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa dá àmì padà sí orí Yorùbá tí a kọ láìní àmì. Iṣẹ́ tí ó níyì ni, mo sì kí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó túmọ̀ sí: à ń fi ọgbọ́n àti owó ńlá wá ohun tí a fi ọwọ́ ara wa dà nù.

Èmi kò ní kí ẹni tí ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lórí fóònù máa fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ni a ti ń wọ aṣọ ilé. Ohun tí mo ń sọ ni ìwé òfin, ìwé ìdánwò, ìwé ìròyìn, pátákó ìjọba, káàdì ìdánimọ̀, àti ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ. Níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gba àwáwí kankan mọ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi kàn yín lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀yin aṣòfin ní Aláùsá, òfin yín dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ni ó fi dúró. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ìjọba Èkó kò ní ra kọ̀ǹpútà kan fún ilé-ẹ̀kọ́ kan bí kò bá ti wà ní títò fún Yorùbá, tí lẹ́tà rẹ̀ sì hàn lójú kíbọ́ọ̀dù. Ìjọba ni oníbàárà tí ó tóbi jù. Ọjọ́ tí oníbàárà ńlá bá béèrè, ọjọ́ náà ni ọjà yóò dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń to ẹ̀rọ tí ẹ sì ń tà á, láti Orẹ́gùn dé Òtìgbà, ẹ̀yin tí àmì náírà kò ṣòro fún, ẹ fi lẹ́tà mẹ́ta àti àmì méjì kún un. Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, ẹ tú àwọn fáìlì ọdún 1990 yín sílẹ̀, kí ẹ sì sọ wọ́n di Unicode kí àwọn ẹ̀rọ tí ó lè ṣí wọn tó run tán. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé èdè ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó àti Kútọnu, ẹ pe ìpàdé bí ti ọdún 1875, kí ẹ pe àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sí i, kí ẹ sì fẹnu kò lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ pé Shɛ́rɛ́ àti Ṣẹ́rẹ́, oṣù kan náà ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ńkọ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ yín. Nígbàkígbà tí òṣìṣẹ́ kan bá gbé fọ́ọ̀mù síwájú yín, ẹ kọ orúkọ yín bí àwọn òbí yín ti pè é, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Bí ó bá ní ẹ̀rọ òun kò gbà á, ẹ rọra bi í pé ta ni ó ra ẹ̀rọ náà, àti pé kí ni ẹni náà béèrè nígbà tí ó ń rà á. Ẹni tí kò bá béèrè ohun tirẹ̀, ti ẹlòmíràn ni yóò máa gbé kiri.